Páálí Yẹ́lò Tí Mo So Mọ́ Ìbọn Daddy Adéoyè

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ìbọn yẹn, Ọ̀gá Hollis, oyinbo tó jẹ́ olórí iṣẹ́ níbẹ̀, kò kí mi káàbọ̀. Ó mú ìbọn ìléwọ́ kan lórí tábìlì, ó ṣí i, ó wo inú ẹ̀, ó ti ìka kékeré bọ ihò tí ọta máa ń jókòó sí, ó pa á dé, ó wá nà án sí mi. Mo gbà á. Ó ní, "Ṣé ọta wà nínú ẹ̀?" Mo ní kò sí, ṣebí ojú mi lẹ ti ṣí i wò. Ó ní kí n gbé e kalẹ̀, kí n jáde síta, kí n tún wọlé bíi pé mi ò dé ibẹ̀ rí. Ìgbà mẹ́rin ló lé mi jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbà karùn-ún ni mo tó gbọ́n, tí mo ṣí i fúnra mi kí n tó dá a lóhùn. Ọta ike kan ló jókòó síbẹ̀. Títí dòní mi ò mọ ìgbà tó fi í sínú ẹ̀.

Ó ní, "Ojú tèmi kì í ṣe ojú tìẹ. Ọwọ́ tó bá gba ìbọn ló máa ṣí i, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ lo ti gbà á." Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ o, Gẹ̀ẹ́sì Texas tó máa ń fà á lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù, èmi ni mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín.

Èmi kì í ṣe ẹni ìbọn tẹ́lẹ̀. Tọ́nà ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé irin lórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ yẹn náà ni mo sì bá dé Houston, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo fún àwọn ọ́fíìsì epo ńláńlá tó wà ní àdúgbò Energy Corridor. Nígbà tí ọjà epo dẹnu kọlẹ̀, wọ́n dá ìdajì wa dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo wá rí ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Cypress tó ń wá ẹni tó mọ irin í gé. Bùnmi ìyàwó mi ní, "Ìbọn ké? Kúnlé, nílùú yìí?" Mo ní ìbọn ìdíje ni, ti àwọn tó ń yìn ín lu àmì, kì í ṣe ti ìjà. Ó ní ìbọn ò mọ ìyàtọ̀. Ó gbà fún mi ṣá, torí àdúrà nìkan ò lè bọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ìbọn tí à ń tún ṣe jù níbẹ̀ ni ìbọn alátòpọ̀. Ohun tó jẹ́ ìbọn lójú òfin nínú ẹ̀ kò ju irin kékeré kan tó gba àtẹ́lẹwọ́, tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Irin yẹn nìkan ni wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù ìjọba lé lórí. Àwọn ìyókù, ìyẹn èèkù tí ọwọ́ ń dì mú, ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, àti irin òkè tó ń sún síwá sẹ́yìn, bàtà àti fìlà lásán ni: o lè bọ́ eléyìí kí o wọ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onídìíje fi fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n á ra ọ̀kan, wọ́n á máa pààrọ̀ ara ẹ̀ títí á fi bá tiwọn mu.

Èèkù ni iṣẹ́ Hollis. Ó máa ń sọ pé èèkù tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe, wọ́n ṣe é fún ọwọ́ gbogbo ayé, ìyẹn ni pé kò bá ọwọ́ ẹnì kankan mu. Á wọ́n páúdà ọmọdé sí oníbàárà lọ́wọ́, á ní kó di èèkù mú, kó fi sílẹ̀. Ibi tí páúdà bá lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló kàn án. Ibi tí kò bá lẹ̀ mọ́, ó ń ṣófo níbẹ̀. Á wá mú fáìlì, á fi ọwọ́ òsì di èèkù mú, á máa fi ọ̀tún ha á ní díẹ̀díẹ̀, ojú ẹ̀ á wà níta fèrèsé. Ó ní ọwọ́ òsì lòun fi ń ríran. Mo bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, mi ò rí ọwọ́ tó mọ nǹkan tó ọwọ́ òsì ọkùnrin yẹn.

Òfin kan wà tí òun náà ló gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá gba ìbọn lọ́wọ́ oníbàárà á ṣí i, á wò ó, á ti ìka bọ̀ ọ́, á wá so páálí yẹ́lò mọ́ ọn, á kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ara ẹ̀ sí i. Páálí yẹn túmọ̀ sí pé, mo fojú mi rí i, kò sí ọta níbẹ̀. Ẹni tó bá tún gbà á lẹ́yìn ẹ̀ á tún ṣí i. Hollis kì í gba páálí ẹnikẹ́ni gbọ́. Lọ́dún karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba tèmi gbọ́. Kò sọ fún mi, èmi ni mo ṣàkíyèsí pé bó bá ti rí K.A., lẹ́tà orúkọ mi, lórí ẹ̀, kì í ṣí i mọ́. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ó yẹ kí n kìlọ̀ fún un nígbà yẹn, àmọ́ ta ni wọ́n ń fọkàn tán tó máa ní kí wọ́n má fọkàn tán òun?

Èmi ni mo mú Daddy Adéoyè wá síbẹ̀. Alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Alief, injiníà epo tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí bàbá mi kú ní Ìbàdàn, tí ìwé ìgbélùú mi ò jẹ́ kí n lè lọ sin wọ́n, Daddy ló jókòó sí pálọ̀ mi bíi bàbá, tí wọ́n ń bá mi gba àwọn tó wá kí mi. Látìgbà yẹn ni mo ti ń pè wọ́n ní bàbá, tí wọ́n sì ń ṣe é. Nígbà tí ìyàwó wọn náà wá kú, ilé dá páropáro. Oyinbo kan tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò mú wọn lọ sí pápá ìyìnbọn, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní táwọn bá ti ń wo àmì yẹn, ìṣẹ́jú kan máa ń wà táwọn kì í ronú kan nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n wọ ìdíje kan, ẹyọ kan péré, kí làkúrègbé tó pa ìka wọn dé.

Ọjọ́ tí wọ́n wá ra ìbọn, wọ́n kọ orúkọ mẹ́rin sínú fọ́ọ̀mù. Hollis bi wọ́n pé èwo ni orúkọ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Daddy ní, "Èyí tí ìyá mi ń pè mí, tàbí èyí tí bàbá mi ń pè mí?" Hollis rẹ́rìn-ín títí, ó sì mú wọn lọ́rẹ̀ẹ́. Ó fún wọn ní páúdà, ó wo ìka wọn tó ti wọ́, ó ní òun á ṣe é débi tí wọn ò ní í mọ̀ pé àwọn di nǹkan mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ha á. Daddy á mú un lọ sí pápá, wọ́n á padà wá, wọ́n á ní ibí yìí ṣì ń dùn mí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá, Hollis fúnra ẹ̀ ló ń gbà á, á ṣí i lójú wọn. Oyinbo ni, Daddy ò ka yíyẹ̀wò yẹn sí àrífín.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ìdíje ku ọjọ́ mẹ́rin. Hollis wà lẹ́yìn, èmi ni mo wà ní kántà. Daddy ti pápá dé, inú wọn dùn, wọ́n ní èèkù ti pé, ó ku kí Hollis bá àwọn dẹ tírígà tí ìka ń fà díẹ̀. Wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Kúnlé ọmọ mi, mo ti kó ọta inú ẹ̀ kúrò." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo tẹ̀ ba díẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi tí wọ́n ń gbà ṣí i, mi ò ní í purọ́ fún yín. Daddy wá wo ọwọ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé mo ti wá di ẹni tí o máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò ni?"

Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni, síbẹ̀ ojú tì mí. Ẹni tó bá mi gba àwọn tó wá kí mi lórí ikú bàbá mi ló ní òun ti ṣe nǹkan, èmi wá ń tú u wò níwájú wọn. Nílé tí wọ́n ti kọ́ mi, ohun tí àgbà bá fà lé ọ lọ́wọ́, wàá gbà á, wàá dúpẹ́ ni. Mo ní, "Rárá o, Daddy." Mo so páálí yẹ́lò mọ́ ọn, mo kọ K.A. sí i, mo gbé e lọ fún Hollis.

Àpò ọta tó wà nínú èèkù nìkan ni Daddy yọ. Ọta kan ti jókòó sínú ihò kí wọ́n tó yọ ọ́. Hollis wo páálí mi, ó fi ọwọ́ òsì di iwájú ìbọn mú láti wo èèkù tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ha, ó wá fi ìka ọ̀tún dán tírígà wò.

Ariwo ìbọn náà nínú yàrá kékeré yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo sáré wọlé, ọta ti gba ọwọ́ òsì Hollis kọjá. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ òsì ẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi dì í. Ẹ̀jẹ̀ kún gbogbo tábìlì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Páálí dà?" Mi ò mọ ohun tó ń wí. Ó fi ọ̀tún já a kúrò lára ìbọn, ó tì í sínú àpò ṣòkòtò ẹ̀. Ó ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ."

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá àti ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù dé, Hollis sọ fún wọn pé òun lòun gba ìbọn náà lọ́wọ́ oníbàárà, òun ni òun ò wò ó. Wọ́n bi Daddy. Daddy wò mí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi èmi náà. Mo ronú kan ọmọ mẹ́ta àti ìyá wọn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àgbà méjì ló pa irọ́ nítorí mi lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ṣe ìkẹta.

Ìka méjì ni wọ́n gé lọ́wọ́ òsì ẹ̀, ìyókù ò sì lè di nǹkan mú mọ́. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó gbé òfin kalẹ̀ tó tún fúnra ẹ̀ rú u, òun ò lè gbà á padà. Tábìlì Hollis ni wọ́n fún mi. Daddy ò wọ ìdíje kankan, wọn ò tún fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Tí mo bá kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dáhùn, àmọ́ bàtà mi ni wọ́n máa ń wò.

Mo máa ń lọ kí Hollis nílé wọn ní Cypress. Á ní kí n mú èèkù dání wá, á máa fi ẹnu sọ ibi tí mo máa ha fún mi. Lọ́jọ́ kan mo ní mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ mi á hù padà?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ha ibẹ̀ yẹn sí i." Mo bá ń ha á lọ. Ká sọ òótọ́, ara tù mí pé ó ní kí n má lọ. Ìtura yẹn ló ń dùn mí jù báyìí.

Àìsàn ọkàn ló pa á lọ́dún kejì. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó ẹ̀ gbé àpótí fáìlì ẹ̀ fún mi, ó ní Hollis ní tèmi ni. Páálí yẹ́lò wà nísàlẹ̀ àpótí náà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, K.A. ṣì hàn gbangba lórí ẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ fún èèyàn pé ẹni tí òtítọ́ ń wá lè ti kú kó tó dé.

Mo mú un lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní kó kọ ìwé sí ìyàwó Hollis pé kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀bi ẹ̀ náà ni. Ó yẹ kó ṣí i." Kò kọ ìwé náà, kò sì lé mi. Ká ní ó lé mi, ó ṣeé ṣe kí n máa sùn dáadáa báyìí. Èmi ni mo lọ sọ fún ìyàwó Hollis fúnra mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún mi kí n jáde. Mi ò tún dé ibẹ̀ mọ́.

Mo kan páálí náà mọ́ ògiri lẹ́yìn kántà, ibẹ̀ ló wà. Àwọn ará wa tó ń wọ ìdíje ti pọ̀ sí i, àwọn àgbà náà ń wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wá láti Alief, wọ́n na ìbọn tiwọn sí mi, wọ́n ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo dìde, mo gbà á, mo ṣí i lójú wọn, mo wò ó, mo ti ìka bọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú bàbá ti yí padà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé òpùrọ́ lò ń pè mí ni?"

Mo nawọ́ sí ògiri. Mo ní, "Rárá, Daddy. Èmi ni. Lẹ́tà orúkọ mi ló wà lórí páálí yẹn."