Ìdáhùn Ìyàwó Mi fún Dókítà

Ìyàwó mi kì í sọ pé nǹkan ń dun òun lójú ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn ní agbègbè Ọ̀yọ́. Bí ènìyàn bá bi í léèrè àlàáfíà, á kúnlẹ̀, á ní, "A dúpẹ́," ìbáà jẹ́ pé ibà ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ á fara balẹ̀, á tún un bi. Kò sí Yorùbá tí kò mọ èyí.

Yorùbá ni dókítà náà.

Wọ́n gbé e wá láti Èkó sí ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní èbúté Warri. Owó epo dé nígbà náà. Wọ́n kun ilé ìwòsàn wa lọ́dà funfun, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun láti òkè òkun. Mo ti dàgbà kí n tó kàwé, ilé-ẹ̀kọ́ àṣáálẹ́ ni. Mo gbà pé ẹni tó kàwé tó dókítà kò lè ṣàì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó mi ò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ á fẹ́ gé. Ìjókòó ló ń sùn, tó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá wa ní àdúgbò Agbassa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà mi ló ń wọ̀. Ó lọ rí dókítà, ó kó oògùn ibà bọ̀. Ó tún lọ, oògùn ibà kan náà ni.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Wọ́n béèrè àlàáfíà mi, mo dá wọn lóhùn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Wọn ò béèrè nǹkan mìíràn, Bàbá wọn. Wọ́n ti ń kọ̀wé."

Mo tẹ̀ lé e lọ. Lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan tó wá láti abúlé Ijala ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Madam, talk sharp-sharp o! Before your yansh warm chair, dat doctor don write finish." Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín, ó di etí bẹ́ńṣì mú kó lè mí.

A wọlé. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, báwo lara?"

"A dúpẹ́, sà."

Dókítà ti mú bírò.

Mo ní, "Kò lè dùbúlẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Kò gbójú sókè. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lara ò yá ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Màmá, ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀?"

Ìyàwó mi wò mí, ó wo dókítà. "Kò le tó bẹ́ẹ̀, sà. Ọlọ́run á ṣe é."

"Ẹ gbọ́ bí? Ọkọ ìyàwó!" Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹni tó kàn.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, a sáré gbé ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ibẹ̀ ló kú sí.

Wọ́n máa ń sọ pé aláìsàn ni kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wo wá ni ti dókítà? Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń wo egungun inú ara. Ojú dókítà ò sì lè wo ẹsẹ̀ tó wú níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá a. Ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn, nítòsí bẹ́ńṣì àwọn aláìsàn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n màmá ò ṣàròyé rí."

"Mo ṣàròyé."

"Ẹ̀yin kọ́ ni aláìsàn."

Mo bi í pé bí ìyá tó bí i bá ní òun dúpẹ́, ṣé ibẹ̀ náà ló máa ń fọ̀rọ̀ mọ.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Bàbá, èrò pọ̀. Ṣé ẹ ò rí èrò ni?"

Mo rí wọn. Wọ́n kún orí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wo ẹnu wa. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ jẹun ọ̀sán.