Orúkọ Tí Ẹnu-Oyin Ò Kọ

Obìnrin méjì ló wà ní yàrá alukoro ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì náà. Bí nǹkan bá dára, àwọn ló ń ròyìn rẹ̀ fún ará ìta. Bí nǹkan bá bàjẹ́, àwọn ló ń bẹ̀bẹ̀. Èyí àbúrò ni gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹnu-Oyin, torí bí oníbàárà bá ń bínú bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kó tó jókòó ni ó ti fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́. Èyí ẹ̀gbọ́n ni Àǹtí Pẹ̀lẹ́. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti èèyàn, kí wọ́n sì gbọ́ ọ dé ìdí.

Lọ́dún tí epo ẹ̀rọ kán sínú ìyẹ̀fun, tí búrẹ́dì ń rùn bí aṣọ mẹkáníìkì, Ẹnu-Oyin ló kọ ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́: “Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀. Ó dùn wá gan-an.” Ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ni àwọn oníbàárà túbọ̀ gbaná jẹ. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ló ní kí wọ́n kọ òmíràn, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: “Àwa la ò yẹ ẹ̀rọ wò. Àwa la jẹ̀bi.” Ìyẹn ló pa iná ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló dé tí ẹ̀bẹ̀ kejì fi wọlé tí èkíní ò wọlé? Ìbéèrè yìí làwọn méjèèjì sọ di ìwádìí. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń bi àwọn tó ra búrẹ́dì náà léèrè. Ẹnu-Oyin ń kọ ọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́ sí àpérò ńlá kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ alukoro ń ṣe.

Àpérò náà ní òfin kan. Orúkọ ò gbọ́dọ̀ sí nínú ìwé ìwádìí fúnra rẹ̀, kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má baà ṣe ojúsàájú. Ibòmíì lórí ìkànnì wọn ni wọ́n ti ń kọ orúkọ, lọ́tọ̀. Ìyá Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ń ṣàìsàn lásìkò yẹn, Àǹtí sì ti lọ tọ́jú rẹ̀. Ẹnu-Oyin nìkan ló jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó yọ orúkọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìwé, bí òfin ṣe wí. Ó lọ síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, ó kọ tirẹ̀. Ó wò ó. Ó dá wà, ó sì wuyì lójú rẹ̀. “Màá fi ti Àǹtí sí i tó bá yá,” ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ìwé lọ. Ó mọ̀ pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa ti ibẹ̀ pa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó gbàgbé.

Nígbà tí Àǹtí Pẹ̀lẹ́ dé, ó béèrè pé, “Àbúrò mi, ṣé o fi orúkọ wa síbẹ̀?”

“Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ sínú ìwé, Àǹtí.”

Òótọ́ ni, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu Ẹnu-Oyin mọ́.

Àpérò náà gba ìwé wọn, wọ́n sì ní kí àwọn tó kọ ọ́ wá sọ ọ́ lórí pèpéle. Ayọ̀ Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ò ṣe é fẹnu sọ. Ó ní kò sẹ́ni tó pe òun sórí pèpéle rí láyé òun. Ó lọ rán aṣọ tuntun, ó ń dúró níwájú fèrèsé yàrá iṣẹ́ wọn, ó ń fi àwọn awakọ̀ tó ń kó búrẹ́dì nísàlẹ̀ ṣe èrò ìwòran, ó ń ka ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ẹnu-Oyin á ní òun ń lọ tọ̀, á lọ dúró sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ojú á máa tì í. Àwọn tó ń ṣètò àpérò náà sì ti fi ìwé ètò ránṣẹ́ sí i kó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, lẹni tó kọ́kọ́ gbọ́. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ìwọ tó ń bá odidi ilé-iṣẹ́ bẹ gbogbo ìlú, o ò rí ẹnu bẹ ẹyọ ẹnì kan?”

“Ojú ń tì mí.”

“Kó máa tì ọ́ lọ. Ṣáà sọ ọ́ lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, Ẹnu-Oyin fi ọwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ níbi orúkọ. Orúkọ yín ò sí nínú ìwé ètò. Ó dùn mí gan-an.”

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ò jẹun mọ́.

“Ta ló ṣe é?”

Ìbéèrè táwọn oníbàárà ń bi Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ní gbogbo ojúlé nìyẹn, òun gan-an ló sì kó o wálé fún Ẹnu-Oyin kọ. Ẹnu-Oyin ṣí ẹnu, kò rí oyin kankan níbẹ̀.

“Èmi ni,” ló wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. “Mi ò gbàgbé, Àǹtí. Mo rí orúkọ mi lóun nìkan, ó wù mí, mo sì fi yín sílẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

“Mo ti gbọ́,” ni Àǹtí Pẹ̀lẹ́ wí. “Kọ̀wé sí wọn.”

Ojú Àǹtí ni Ẹnu-Oyin ti kọ ọ́. Àwọn tó ń ṣètò àpérò dáhùn pé ó ṣì bọ́ sásìkò, wọ́n sì fi orúkọ Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ṣáájú, bí Ẹnu-Oyin ṣe bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jọ lọ. Wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀, Àǹtí Pẹ̀lẹ́ fún un ní omi mu, ó bi í léèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ọkàn Ẹnu-Oyin fẹ́ balẹ̀.

Lórí pèpéle, aṣọ tuntun lọ́rùn, Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ló sọ apá tó gbẹ̀yìn. “Àwọn tó gbọ́ ‘àwa la jẹ̀bi’ dárí jì wá,” ló wí. “Wọn ò bú wa mọ́, wọ́n ń kí wa, wọ́n ń bá wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tá a bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń ra búrẹ́dì báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibòmíì.”

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ẹnu-Oyin ló kọ gbólóhùn yẹn, ó sì ti kà á títí tó fi sú u, kò pa á lẹ́rìn-ín rí, kò sì pa á lẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n padà síbi iṣẹ́, Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ní òun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn. Ẹnu-Oyin fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi,” ni Àǹtí wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. “Mo ti rí ẹni tá a jọ máa kọ ọ́.”