Omi Ọsàn Kútọnu

Bí mo bá rí ẹni tó ń fún ọsàn sínú ife, àbúrò bàbá mi ni mo máa ń rántí. Nílé wa ní Kétu, kò jẹ́ mu nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi tẹ́ni náà bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àmọ́ létí òkun ní Kútọnu, lọ́dún kejì òmìnira, ife mẹ́ta ló mu lọ́wọ́ obìnrin ọlọ́sàn tí kò mọ̀ rí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní kó tọ́ ọ wò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi àtiẹ̀ ò jọ pín ogún. Kí ló fẹ́ fi ikú mi ṣe?"

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọsàn, ó gbé e wá fún un. Àbúrò rẹ̀ wo ife náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Bàbá mi mu ún tán pátá. Kò fún òmíràn.