Ìyá Tó Ní Kí Ooru Omi Tan Iná

"Ẹ̀yìn! Bọ́ sẹ́yìn, ọmọ mi!"

Kí n tó gbẹ́sẹ̀, ìdérí ìkòkò ti fò sókè, ó ti gbá páànù òrùlé gbàù! Ooru funfun bo ilé ìdáná, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ìrẹsì gbígbóná ń já lu ilẹ̀ bí òjò. Ẹkún ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ tí ìyá àgbà náà ń rẹ́rìn-ín nínú kùrukùru yẹn.

"Ṣé o rí agbára rẹ̀? Ṣé o rí i?"

Aládùúgbò wa ni ìyá náà, ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́. Ìrẹsì eléèpo ló máa ń fi ooru omi sè, yóò sá a sórí ẹní, kó tó gbé e lọ fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Èèpo rẹ̀ ló fi ń dáná. Ohun tó ń dùn ún ni ooru tó ń tú jáde láti àárọ̀, tí kò ṣe nǹkan kan. Ló bá tú dínámò tó ń tan iná àti gílóòbù rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ó gé agolo mílíìkì, ó fi ṣe àgbá kékeré tó ní abẹ́ yíká tí yóò máa yí dínámò náà, ó ki ọ̀pá irin oníhò bọ ìdérí ìkòkò kí ooru lè gbà á fẹ́ lu àwọn abẹ́ náà, ó sì fi amọ̀ lẹ ẹ́ pa. Èmi ni mò ń bá a po amọ̀ lọ́jọ́ tí a ò bá lọ síléèwé.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ ariwo ìdérí náà, ó sáré wọlé.

"Ìyá, ẹ fẹ́ pa ara yín ni? Ẹ tún fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn! Bí mo bá tún rí irin yìí nídìí iná, igbó ni mo máa kó o dà sí."

"O ò parọ́," ni ìyá náà wí.

Fún ìgbà díẹ̀, ìrẹsì nìkan ló ń sè. Mo rò pé ó ti parí. Àfi ọjọ́ kan tí a jọ ń yí ìrẹsì lórí ẹní, ló bá gbá mi nítan.

"Ọ̀nà! A ò fún ooru náà ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà jáde!"

Ó lu ihò sí ìdérí, ó gbé òkúta kékeré lé e. Bí ooru bá pọ̀ jù, yóò gbé òkúta náà sókè, yóò bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá rí ewu, pa iná náà."

Èmi wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Omi hó. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí jó, kọ́-kọ́-kọ́. Ooru ń tú ṣììì láti ẹnu ọ̀pá. Àgbá náà mì, ó dúró, ó tún mì, ló bá gbéra wùù! Gílóòbù kékeré pọ́n bí ẹyin iná, lẹ́yìn náà ó funfun. Nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé yẹn, mo rí gbogbo eyín ìyá náà.

"Ìyá! Ó mà ń tàn o!" Ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé ìbínú, òun gan-an ló ń da èèpo síná. Ìmọ́lẹ̀ náà le sí i, ó le sí i, gílóòbù náà bá dún pàù, ó kú.

Ìyá náà ju ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Agbára wa ti pọ̀ jù fún un!"

Ijó la jó jáde sí àgbàlá.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ odò Okpara ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ó ní omi á yí àgbá ńlá fúnra rẹ̀, láìdáná rárá. Nígbà òjò, òun àtọmọ rẹ̀ lọ gbé irú àgbá bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ sódò lóòótọ́. Àgbàrá gbé e lọ. Ìyá náà padà dé pẹ̀lú aṣọ tútù, bí yóò ṣe so òmíràn ló sì ń sọ fún wa bó ṣe ń fún ìró rẹ̀.

Kò tan iná sí ilé ẹnikẹ́ni títí ó fi dágbére fáyé. Aṣọ ni èmi ń rán báyìí, mi ò ṣe dínámò rí. Ṣùgbọ́n bí èrò tuntun bá sọ sí mi lọ́kàn, inú mi á ti dùn kí n tó mọ̀ bóyá ó máa ṣeé ṣe. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí iṣẹ́ ò tíì yọrí. Mo máa ń sọ fún wọn pé bó ti bẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń dùn mọ́ mi.