Ọ̀rọ̀ Méjì Lára Ògiri Ilé Ìwòsàn

Òórùn kẹrosíìnì àti ọ̀dà pupa ló gba gbogbo ojú ọ̀nà ilé-ìwé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá tó ń kọ pátákó, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Awà, wà lókè àkàbà, ó ń kọ "Ó KÙ DÍẸ̀" gàdàgbà sára ògiri ilé ìwòsàn tí wọn kò tíì parí. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń dún ṣì-ṣì lára sìmẹ́ńtì, ó sì ń kun orin ìjọ Aládùúrà rẹ̀ sábẹ́ ètè.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nípò ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ilé ìwòsàn kù díẹ̀, omi kù díẹ̀, iná kù díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé ẹnu gbogbo wa. Awakọ̀ Àgọ́-Ìwòyè ń fi dá èrò lóhùn, àwa ọmọ iléèwé ń fi dá tíṣà lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nípàdé àdúgbò pé ìgbà wo ni ilé ìwòsàn máa ṣí, ẹnì kan á ké "Ó kù díẹ̀!", gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òjò, ìrọbí mú ìyá mi. Bàbá mi gbé e sórí ọ̀kadà, ó forí lé Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ wà. Iwájú ilé ìwòsàn tí kò nílẹ̀kùn yẹn ni wọ́n gbà kọjá. Ojú ọ̀nà ni ọmọ dé sí. Kò ké. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Bàbá tó ń kọ pátákó wá kí i. Kò mu omi tí mo gbé fún un.

"Ìyàwó, má bínú. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa ilé náà tì."

"Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún gbé àkàbà rẹ̀ lọ. Ọ̀dà dúdú ló fi kọ ọ́ sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀: "MÉLÒÓ NI DÍẸ̀?"

Káńsẹ́lọ̀ wa, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nípò, fìbínú dé. "Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí?"

"Èmi ni mo kọ méjèèjì," ni Bàbá wí. "Ẹ̀yin lẹ rán mi ní ti òkè. Kò sẹ́ni tó rán mi ní ti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá ṣí, èmi náà ni màá pa á rẹ́."

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn káńsẹ́lọ̀ fi ọ̀dà funfun bo ìbéèrè náà. Ó tún un kọ. Wọ́n tún bò ó. Ó tún un kọ. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan ké "Ó kù díẹ̀!", ṣùgbọ́n ìyá mi dìde. "Ilẹ̀kùn mélòó ló kù? Bẹ́ẹ̀dì mélòó? Nọ́ọ̀sì dà?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin yòókù dìde tì í, wọn kò sì jókòó títí káńsẹ́lọ̀ fi dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó parí, ilẹ̀kùn ti ṣí, nọ́ọ̀sì ti dé, Bàbá sì pa ọ̀rọ̀ méjèèjì rẹ́.

Ẹgbẹ́ òṣèlú kejì wá bá a pé àwọn fẹ́ tẹ ìbéèrè rẹ̀ sára fìlà. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Ìbéèrè ni. Bí gbogbo yín bá dé e sórí, ta ló máa dáhùn?"

Iléeṣẹ́ rédíò ni mo wà báyìí, èmi ni mo ń fọ̀rọ̀ wá àwọn olóṣèlú lẹ́nu wò. Wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ tuntun wá, ó sì máa ń dùn ún gbọ́. Adùn rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, bí kò ṣe ibi tí ẹ̀rín bá ti gba ipò ìdáhùn. Ibẹ̀ ni mo máa ń dá àlejò mi dúró sí, n kì í sì í jẹ́ kó kọjá láìdáhùn.