Aṣọ Tí Ìyàwó Mi Kò Hun Tán

Mo rántí òórùn aró tó kún yàrá wa lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ pọnmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé àwọn olùkọ́ nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí èèyàn kò lè fi àlàyé yanjú. Ikú rẹ̀ ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mi ò rí àlàyé kankan ṣe sí. Ibà ló mú un, kò sì tíì pé ọdún kan tí a gbé e wá láti Ọ̀kà sí ilé wa n'Ìkàrẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, tí obìnrin bá kú láìbímọ, ẹbí rẹ̀ ló ń wá kó ẹrù rẹ̀. Ọkọ kì í jogún ìyàwó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíjìpá kan wà lórí òfì rẹ̀ tí kò tíì hun tán, òun ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe ojúkòkòrò. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí aṣọ náà bá lọ, n óò gbàgbé ọwọ́ rẹ̀, tí mo bá sì gbàgbé ọwọ́ rẹ̀, n óò gbàgbé ojú rẹ̀ náà.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé láti Ọ̀kà. Mo ti há ọ̀rọ̀ mi sórí. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ, mo ṣàlàyé ìbànújẹ́ mi lóríṣiríṣi títí òógùn fi bò mí.

"Tíṣà," ni ìyá wí, "ṣé o ti kọ́ wa tán? Ṣé ká máa lọ sílé?"

Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Aṣọ yẹn nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Aṣọ wo? Ṣé o rí aṣọ níbẹ̀ ni? L'Ọ́kà, wọn kì í já òwú olóògbé kúrò lórí òfì bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń hun ún tán. Ẹ bá mi wá àpótí tí n óò jókòó lé."

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń hun ún láràárọ̀. Mo máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe ń fi ètè mú òwú, ìyàwó mi gan-an ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà kí aṣọ náà má parí.

Lọ́jọ́ tó hun ún tán tó já a kúrò lórí òfì, mo ní kó fi ibi tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ dé hàn mí, kí n lè máa fọwọ́ kàn án. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan, ó fi àtàǹpàkò wá a lọ, ó wá a bọ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi níṣẹ́, ọwọ́ wa ò yàtọ̀," ló wí. "Mi ò rí i mọ́, ọkọ ọmọ mi. Mi ò rí i mọ́."

Ìyá tí kò tíì sunkún láti ọjọ́ tó ti dé wá fi aṣọ bojú.

Àlàyé tán lẹ́nu mi. Mo ká aṣọ náà, mo gbé e lé orí ẹrù rẹ̀ fúnra mi. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Ó tú ẹrù, ó mú òòyà onígi tí ọmọ rẹ̀ fi ń yarun jáde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Àwọn èèyàn ń sọ báyìí pé mo ti pẹ́ jù láìfẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀rù ti ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń parẹ́ lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ ṣì há sáàárín eyín òòyà náà, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.