Yésúfù Tó Gbé Òṣùwọ̀n Wá Sọ́jà Obì

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, oṣù Kẹwàá ọdún 1957, ṣílè márùn-ún ni wọ́n ń ta igba obì gbàǹja ní ọjà Ìfọ̀. Ẹni tó bá bá ọ kà á á gba kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ yìí ni Yésúfù ní ká má san mọ́.

Ọmọ Ìfọ̀ ni Yésúfù. Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀, tó ń fi rélùwéè kó obì lọ Kánò, ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló sanwó ọkọ̀ òkun tó gbé e dé ìlú òyìnbó. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé níbẹ̀. Tó bá ń ṣàlàyé ẹ̀, àwọn ìyá ọjà á ní, "Ó lọ kọ́ owó, kò sì rí owó mú bọ̀!" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ní 1956 wọ́n dìbò fún un, ó di káńsẹ́lọ̀, káńsù sì ní kó wá bá wọn tún ètò ọjà ṣe.

Ohun tó rí kì í ṣe irọ́. Rélùwéè kì í dúró pẹ́. Kí wọ́n tó ka obì tán, ọkọ̀ ti lọ. Ẹlòmíì á sì pè é ní igba, kó má pé igba. Yésúfù bá ní kí káńsù ra òṣùwọ̀n onírin ńlá kan. Kí wọ́n gbé agbọ̀n lé e, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n rán ẹnu ẹ̀, ó parí.

Ròkíátù, tó ti ń ka obì láti bí ọgbọ̀n ọdún, wá dúró níwájú òṣùwọ̀n náà.

"Káńsẹ́lọ̀ wa, irin yìí, ṣé ó mọ obì tó ti bàjẹ́?"

"Ẹ̀yin ìyá, irin kì í parọ́."

"Lóòótọ́ ni. Kì í kúkú sọ̀rọ̀."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni ò gbé obì síbẹ̀. Yésúfù á jókòó tì í látàárọ̀, á máa fi aṣọ nù ún.

Wúlẹ̀mọ̀tù ò lè wò ó. Mùnírátù ọmọ ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì kọ́kọ́ gbé tiẹ̀."

"Ta ni ẹlòmíì? Ṣebí èmi ni mo rán an lọ kọ́ ọ."

Ogójì agbọ̀n ló gbé sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kan, obì tí owó ẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn méjìlélọ́gbọ̀n jẹ́ tiẹ̀. Ti méjìdínláàádọ́rin tó kù, àwìn ló gbà á lọ́wọ́ Hàkímù ará Mowé, tó ti fi owó ọwọ́ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ibafó.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìwọ̀n ni wọ́n máa fi rà á, àwọn kan nínú àgbẹ̀ ti rẹ obì sómi kó lè wúwo. Ọwọ́ tó bá ń kà á ní márùn-ún-márùn-ún ì bá mọ̀ ọ́n. Á yọ èyí tó tutù, á ju èyí tó ní kòkòrò nù. Iṣẹ́ tí kọ́bọ̀ yẹn ń ṣe nìyẹn. Yésúfù rò pé kíkà lásán ni. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí rélùwéè gbé obì náà lọ, wáyà dé láti Kánò: obì ti jẹrà. Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí nínú ẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù kó o fún Hàkímù, ó ta aṣọ ẹ̀, ó tún rí mọ́kànlá fi kún un. Ó ku méjìdínláàádọ́ta. Yésúfù bẹ káńsù pé kí wọ́n san án. Wọ́n ní ṣé àwọn làwọ́n ní kí Wúlẹ̀mọ̀tù gbé obì síbẹ̀ ni? Ó fi ipò sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Àgbàdo, pọ́n-ùn mẹ́tàlá lóṣù.

"Àkànní, má sunkún mọ́," ni Wúlẹ̀mọ̀tù fi oríkì pe Yésúfù. "Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò fẹ́ gbé gbèsè wọ sàréè."

"Ẹ ò ní gbé e, Màámi."

Àmọ́ ibà mú Wúlẹ̀mọ̀tù nígbà òjò, ó sì kú ní ogúnjọ́ oṣù Keje, 1958. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, Alùfáà bèèrè ẹni tí olóògbé jẹ lówó. Ó tún un bèèrè.

"Pọ́n-ùn méjìdínláàádọ́ta," ni Hàkímù wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Yésúfù bọ́ síwájú. "Ó ti kúrò lọ́rùn wọn. Ọrùn mi ló wà."

"Hàkímù, ṣé o gbà?"

"Mo gbà."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kírun. Ẹkún tí Yésúfù ń sun ò jẹ́ ká gbọ́ àdúrà dáadáa. Ìṣojú Wúlẹ̀mọ̀tù ló ti fẹ́ san án.

Láti oṣù Kẹjọ ló ti ń san pọ́n-ùn mẹ́rin-mẹ́rin lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀méjìlá, kò fo oṣù kan. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, ó kà á lé Hàkímù lọ́wọ́ ní Mowé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje, ọdún 1959.